Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ilẹ̀ Igi Tí Ẹ Tà fún Oníbùlọ́ọ̀kù Lẹ́yìn Ilé Wa

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 2026.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí. Èmi ni mo ra pulọ́ọ̀tì 27 lọ́wọ́ yín lọ́dún 2021. Mo ti san owó rẹ̀ tán, n kò jẹ yín ní kọ́bọ̀.

Nínú pulánì ẹ̀sítéètì tí ẹ fún wa lọ́jọ́ tí a sanwó, ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí ẹ fi àwọ̀ ewé kùn. Ó fẹ̀ ní mítà 15. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé igi lẹ máa gbìn sí i, kí ó pààlà sáàárín ilé gbígbé àti àwọn pulọ́ọ̀tì okòwò. Aṣojú yín tó mú wa yí ilẹ̀ náà ká tẹnu mọ́ ọn dáadáa. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà láti san ju iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ní òdìkejì títì. Owó mi wà nínú ilẹ̀ igi yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún oníbùlọ́ọ̀kù. Wọ́n gé dóńgóyárò mẹ́rin tó wà níbẹ̀ lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ̀rọ wọn ti ń ké. Bí típà bá da yanrìn, fèrèsé wa a máa gbọ̀n. Ìyá mi, ẹni ọdún 78 tí èémí ń dà láàmú, ti sá kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Pálọ̀ ni wọ́n ń sùn báyìí.

Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn yín, ẹ rán ẹnì kan wá lóṣù Keje. Ó ní òun ò rí eruku. Òótọ́ ló sọ, torí afẹ́fẹ́ òjò láti gúúsù ló ń fẹ́ nígbà náà, ó sì ń gbé eruku lọ kúrò lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àríwá ilé wa ni oníbùlọ́ọ̀kù wà. Bí ọyẹ́ bá dé, ìhà àríwá ni ó ti ń fẹ́ bọ̀, á sì kó sìmẹ́ǹtì wá bá wa nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ rán ẹni yẹn padà wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tó dùn mí jù ni èsì yín tó pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ tó ṣófo. Kò ṣófo, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn bàbá wa ò gbin pèrègún àti akòko sí ààlà lásán. Ewé ni eruku ń lẹ̀ mọ́ kí ó tó dé fèrèsé, tí òjò á sì wá fọ̀ ọ́ wálẹ̀.

Ẹ tún ní ẹ máa gbin ìlà igi másíkúrédì kan sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Igi yẹn ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè bo oníbùlọ́ọ̀kù lójú wa, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo kò ní dá ariwo dúró. Àfi kí igi nípọn, kí ewé bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, kí igi kúkúrú tó díjú wà níwájú àwọn tó ga. Kí ẹ tún kó erùpẹ̀ jọ bí ebè ńlá sábẹ́ wọn, tàbí kí ẹ mọ ògiri. Mítà méjì tí ẹ ṣẹ́ kù kò lè gba ìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún oníbùlọ́ọ̀kù ní ààyè mìíràn lára pulọ́ọ̀tì okòwò tó wà létí títì márosẹ̀. Kò ṣẹ̀ wá, owó tirẹ̀ náà ló san. Kí ẹ dá ilẹ̀ náà padà fún igi, kí ẹ sì gbìn ín bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò lè mú kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. Ẹ má ta èyí tó kù.

Òfin ìṣètò ìlú ní kí a gba àṣẹ kí a tó yí ohun tí à ń fi ilẹ̀ ṣe padà. Bí n kò bá rí èsì láàárín ọjọ́ 21, màá gbé pulánì àti rìsíìtì mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ìṣètò ìlú. Àwọn fọ́tò tí mo yà lọ́sẹ̀ tó kọjá wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Onílé pulọ́ọ̀tì 27.