Ẹ má fowó ra góòlù lọ́wọ́ ọmọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní Ìgbógbò, ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń wá wòran ló mú mi kọ̀wé yìí.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dùn ún wò. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà lórí góòlù kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́, ọmọ náà ò gbá bọ́ọ̀lù sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ìdíje bá ku ọ̀la, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, èébì. Wọ́n ra oògùn ibà títí. Ibà kọ́, ẹ̀rù ni. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbẹ́ pápá ló máa yíjú sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń pariwo: "Ọ̀lẹ! Ṣé torí èyí ni mo ṣe ra bàtà fún ẹ?" Mo fọ̀wọ̀ bá bàbá yẹn sọ ọ́. Ó ní, "Kóòṣì, mò ń kì í láyà ni." Ọmọ ọ̀hún ti pa bọ́ọ̀lù tì báyìí.

Lọ́dún 1971, Edward Deci, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, sanwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yanjú eré àtòpọ̀, ìyẹn "puzzle". Nígbà tówó dúró, ìtara wọn sí eré náà lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí ò gba kọ́bọ̀ rí. Òun àti Richard Ryan, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, padà ṣàlàyé pé kí ọkàn ẹ̀dá tó balẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó wù ú ṣe, kó máa rí i pé òun ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, kó sì wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀.

Owó ò burú, iṣẹ́ gidi ni bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ẹ wo Asisat Oshoala, tí wọ́n bí ní Ìkòròdú wa yìí. Àwọn òbí rẹ̀ ò tiẹ̀ fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀rẹ̀. Ó wù ú ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dáńtọ́ jù lọ ní Áfíríkà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bọ̀ wá wòran, mo bẹ̀ yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún páàsì tó dáa, kẹ́ ẹ sì sọ fọ́mọ pé páàsì yẹn lẹ rí. Tó bá ṣàṣìṣe, ẹ fi í sílẹ̀ fún kóòṣì. Kẹ́yin tó ń ṣètò ìdíje àwọn ọmọdé ní Ìkòròdú fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, káwọn òbí dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá ń bú ọmọ sì máa lọ sílé.

Èmi ni,
Kóòṣì obìnrin kan,
Ìgbógbò, Ìkòròdú.