Èdè Kéwú Lẹ́nu Alágbàárù

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Mùtíátù ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màámi sọ fún mi pé o gbé ẹran Iléyá wá fún wọn. O ṣeun gan-an ni, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún níbí, torí ẹni tí a ò jọ jókòó lórí ẹní Áfáà, kò lè yé e. O ṣáà rántí wàláà wa, bí a ṣe ń pariwo kéwú tí a ò mọ ohun tí à ń wí, tí pàṣán wà lọ́wọ́ Áfáà. Lójú tèmi nígbà yẹn, Lárúbáwá kì í ṣe èdè tí èèyàn fi ń ná ọjà. Ti ìrun ni, ti òkú ni, ti ìsọmọlórúkọ ni. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ibì kan wà tí ọkùnrin ti ń fi kọ ẹnu ìfẹ́ sí obìnrin.

Àjọ̀dún fíìmù kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n ń pè ní SAFAR. Ìrìn-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Arab British Centre ló dá a sílẹ̀ ní 2012, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ní báyìí wọ́n ń gbé e kiri dé Glasgow, dé Liverpool àti àwọn ìlú mìíràn. Fíìmù àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ń fi hàn, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, ìyá kan ará Lẹ́bánónì ló jókòó tì mí. Kí wọ́n tó pa iná, ọmọkùnrin kan ń kó àga wọlé, òógùn bò ó. Ìyá náà kí i: "Ya'tik el-'afye." Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní bí àwọn ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn, pé kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Mùtíátù, ẹ kú iṣẹ́ ni! 'Afye yẹn gan-an sì ni àlàáfíà wa. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá mìíràn tó wà lẹ́nu wa fún un: wákàtí, sábàbí àti àlùbáríkà. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀. Mo sọ fún un nípa àwọn Kóráà, àwọn ará Lẹ́bánónì aláṣọ ní Gbàgì, pé Lebanon Street ṣì wà n'Ìbàdàn di òní.

Òun ló ní kí n lọ wá fíìmù Íjíbítì kan, Bab el-Hadid, wò. Youssef Chahine ló ṣe é ní 1958, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Káírò sì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Chahine fúnra rẹ̀ ló ṣe Qinawi, atiro tó ń ta ìwé ìròyìn. Ìfẹ́ Hanuma gbà á lọ́kàn títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni Hanuma ń tà. Á fò wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìgò lọ́wọ́, ọlọ́pàá á máa lé e, bí wọ́n ṣe ń lé àwọn tiwa lójú títì gẹ́lẹ́. Abu Siri tó fẹ́ fi ṣaya jẹ́ alágbàárù, òun ló ń wá bí àwọn alágbàárù ṣe máa ní ẹgbẹ́ kí wọ́n yé rẹ́ wọn jẹ. Àwọn òǹwòran Íjíbítì ò gba fíìmù náà nígbà tó jáde. Mo mọ ìdí ẹ̀, ó ń dunni. Níparí, baba tó gba Qinawi sọ́dọ̀ fohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ pé òun máa fi Hanuma fún un, kó jẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ ìgbéyàwó fún un. Ó na apá méjèèjì. Aṣọ tí wọ́n fi ń de wèrè ni.

Fíìmù kejì ni Capernaum, Kapanáúmù inú Bíbélì. Nadine Labaki ló ṣe é ní 2018. Zain, ọmọ kékeré ní Beirut, ló pe àwọn òbí rẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọ́n bí òun. Ibi tí mo ti sunkún ni ibi tí wọ́n ti mú ìyá kan ará Etiópíà tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí Zain wá ń dá tọ́jú ọmọ rẹ̀. Kò sí wàrà. Ó wọ́n ṣúgà sórí omi dídì, ó fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Yordanos Shiferaw tó ṣe ìyá yẹn náà ò ní ìwé. Wọ́n mú òun náà nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù yìí lọ́wọ́.

Nígbà tó parí, orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ. Mo rí orúkọ ọmọ ọwọ́ náà: Boluwatife Treasure Bankole. Mo dá a dúró, mo tún un kà. Ọmọbìnrin ni, ọkùnrin ni wọ́n fi ṣe. Mùtíátù, "Bolúwatifẹ́" ní Beirut! O mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Màá wá sílé lóṣù Kejìlá, màá gbé kọ̀ǹpútà mi dání. Bab el-Hadid la máa kọ́kọ́ wò, ní yàrá rẹ, lẹ́yìn ìrun iṣáì. Má wo ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Di ojú, kó o máa fi tẹ̀sùbáà ka ọ̀rọ̀ tó o bá dá mọ̀.

Bá mi kí Áfáà. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá wọ́n wo sinimá rí.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣìfáù