Ọmọ mi, jọ̀ọ́ tún ibi tó o ti kọ ọdún ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe

Ọmọ mi àtàtà,

Mo ti ka iṣẹ́ tó o kọ lórí ìràwọ̀ tán, inú mi dùn sí i gan-an, ó hàn pé o jókòó tì í dáadáa. Àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí tíṣà yín bá níbẹ̀, ibi tó o ti sọ pé ìràwọ̀ kan bú gbàmù "láti ọdún ìmọ́lẹ̀ 168,000 sẹ́yìn". Ọdún ìmọ́lẹ̀, light-year tí wọ́n ń pè é yẹn, kì í ṣe àkókò o, bí nǹkan ṣe jìnnà tó la fi ń wọ̀n. "Ọdún" tó wà níwájú ẹ̀ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà, àwọn àgbàlagbà gan-an ń ṣì í lò.

Wò ó báyìí. Ìmọ́lẹ̀ máa ń sáré tó nǹkan bíi 299,792 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo. Tó bá gbéra látinú oòrùn, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ogún sẹ́kọ́ńdì ló máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, tòṣùpá ò tiẹ̀ tó sẹ́kọ́ńdì méjì. Jẹ́ kó wá máa sáré bẹ́ẹ̀ lọ fún odidi ọdún kan láì dúró rárá, gbogbo ọ̀nà tó bá rìn ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan, ìyẹn bíi tírílíọ̀nù 9.46 kìlómítà. Voyager 1, ọkọ̀ tí kò sí èèyàn nínú ẹ̀ tí wọ́n rán lọ sójú òfuurufú ní 1977, tó ń sáré bíi kìlómítà 17 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó máa lò ju ọdún 17,000 lọ kó tó rin ọdún ìmọ́lẹ̀ kan péré! Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, sì jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.24.

Ibi tí àkókò ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tó o bá rí lókè, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lò ń rí. Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lálẹ́, jẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ 8.6 sí wa, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tó máa wọ ojú ẹ lálẹ́ òní, ìgbà tó o ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹ ló ti gbéra níbẹ̀. Torí náà ìràwọ̀ tó bú gbàmù yẹn, èyí tí wọ́n rí ní February 1987, wàá kọ ọ́ pé ó jìnnà tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 168,000, pé ó sì ti bú láti bí ọdún 168,000 kí wọ́n tó rí i. Ṣó o rí i, ọdún lásán ni ti ẹ̀yìn yẹn.

Kó o sì yọ ibi tó o ti ní ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tá à ń rí ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí ṣùgbọ́n kì í ṣòótọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tójú lásán lè rí ò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ máa ń lo ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, òmíì bílíọ̀nù, kó tó kú, fún ìdí yìí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ṣì wà níbẹ̀ dáadáa.

Tó o bá ka ìwé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fúnra wọn, parsec lo máa rí jù, òun náà la fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ 3.26. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́, ọdún ìmọ́lẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ tìẹ. Tẹ́nì kan bá sì ṣì í lò ní kíláàsì yín, rọra ṣàlàyé fún un, má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Tún un kọ lálẹ́ yìí kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fún tíṣà, mi ò ní sùn títí màá fi kà á.

Èmi ni,
Ìyá ẹ