Ẹ má da pàǹtí sínú àgbàrá mọ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí à ń dà sí gọ́tà ní Abuja níbí ni mo bá wá. Bí òjò bá ti ṣú báyìí ni wàá rí àwọn kan tí wọ́n á sáré gbé àpò pàǹtí jáde, wọ́n á dà á sínú àgbàrá, wọ́n ní omi á gbé e lọ. Síbo? Ilé ẹlòmíì mà ni! Ẹni tí ilé ẹ̀ wà lókè á dà á, ẹni tó wà nísàlẹ̀ lomi á ká mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ mai bola tó ń bá èèyàn kó pàǹtí ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Omi mímu ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ ilé ní Nyanya, Mararaba àti Lugbe, kànga ni wọ́n ń pọn, ṣalángá sì wà lẹ́yìnkùlé kan náà. Tí gọ́tà bá dí tómi ò ríbi gbà, á ya wọ ṣalángá, á gbé ohun tó bá níbẹ̀ lọ sínú kànga, onígbáméjì dé nìyẹn. Ní 2021, onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà, Òkè Ọya níbí ló sì ti ṣọṣẹ́ jù, ní Bauchi, Kano, Jigawa àti àwọn ibòmíì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àìmọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká rántí Zamfara ní 2010. Àwọn tó ń wa góòlù gbé òkúta wálé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọn ò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú ẹ̀, eruku ẹ̀ bo àgbàlá, ó bo ìkòkò, àwọn ọmọ kéékèèké ń rá nínú ẹ̀, wọ́n ń tọwọ́ bọnu. Gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ló kú, ó sì ba ọpọlọ àwọn míì tó yè jẹ́. Oúnjẹ òòjọ́ làwọn òbí yẹn ń wá, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé májèlé ni wọ́n ń lọ̀. Àwa tí à ń da pàǹtí sójú omi ńkọ́, kí la ò mọ̀ níbẹ̀?

Èyí tó wá dùn mí ni pé a ò lè bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Tóo bá ní kí aládùúgbò ẹ má dà á síbẹ̀, á ní ṣé bàbá ẹ ló ni gọ́tà. Tó bá jẹ́ Hausa tàbí Igbo tàbí Gbagyi ni, kíá ló ti di ọ̀rọ̀ "ẹ̀yin Yorùbá", àwọn tó jọ ń jẹ sàráà ara wọn nígbà ọdún ò ní kí ara wọn mọ́. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ fèrèsé onífèrèsé, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan wà nínú èéfín yẹn tí kì í rùn rárá tó sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú oorun.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e jáde kí òjò oṣù kẹjọ tó dé. Ẹ bi àwọn lánlọ́ọ̀dù pé owó ilé tí wọ́n ń gbà, kí ló dé tí kò sí ibi ìdalẹ̀nù nínú ọgbà wọn, tí wọ́n sì ń gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣalángá. Kẹ́ ẹ sì bá wa sọ fáwọn alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Abuja, níbi tá a ti ń fi gbogbo ìpàdé jíròrò aṣọ ẹbí, pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gọ́tà sínú ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Abuja