Ìkéde: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Dátábéèsì Wa, Sátidé Tó Ń Bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà iná.

Sátidé tó ń bọ̀ la ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa lórí dátábéèsì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú dátà sí), aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, ní gbọ̀ngàn tí a máa ń lò ní Bódìjà. Ọ̀fẹ́ ni, àfi owó oúnjẹ ọ̀sán. Àwòkọ́ṣe wa ni SQLSaturday, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ lórí dátábéèsì, tó bẹ̀rẹ̀ ní Orlando, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007: àwa tá à ń ṣiṣẹ́ náà la ó kọ́ ara wa.

Iṣẹ́ àárọ̀ ló jẹ mí lógún jù. Ká ní ẹnìkan tẹ DELETE (àṣẹ tó ń pa dátà rẹ́) láìfi WHERE (tó ń sọ ìlà tí àṣẹ náà kàn) sí i, tí gbogbo ìlà sì pa rẹ́, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ó kọ́kọ́ ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́) log tó kù, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà inú dátábéèsì, a ó restore (dá padà) full backup, ẹ̀dà odindi dátábéèsì, pẹ̀lú NORECOVERY, tó ń jẹ́ ká ṣì lè fi log lé e, ká tó fi STOPAT, tó ń sọ àkókò tí a ó dúró sí, dá log dúró ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú àṣìṣe yẹn. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe backup, síbẹ̀ a ò dán an wò rí bóyá ó ṣeé dá padà! Ọ̀sán wà fún ìbéèrè.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù wá, kí bátìrì rẹ̀ kún. Ilé ni kí ẹ ti fi SQL Server Developer Edition (ètò dátábéèsì ilé-iṣẹ́ Microsoft) àti AdventureWorks (dátábéèsì àpẹẹrẹ) sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ̀ngàn yẹn, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ níbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ máa jẹun.

Akọ̀wé ẹgbẹ́