Ìyá Oníbọ̀ọ̀lì Kọ́ Ló Pa Àwọn Igi Wa

Alàgbà Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn igi tó ń kú ní àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta, nítorí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ lé èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀.

Igi méjìlá ló wà lójú títì wa. Méje wà lọ́wọ́ òsì béèyàn bá ń bọ̀ láti ọjà: fúrúùtù mẹ́rin, máńgòrò mẹ́ta. Márùn-ún wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ara wọn sì le koko. Nínú méje tọwọ́ òsì, mẹ́fà ti gbẹ. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ni fúrúùtù tí ìyá kan ti ń sun bọ̀ọ̀lì lábẹ́ rẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún.

Nígbà tí igi kẹrin gbẹ, àdúgbò pe ìpàdé. Ẹnì kan ní èéfín bọ̀ọ̀lì ni. Ẹlòmíì ní omi iyọ̀ tí ìyá fi ń ṣan ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń dà sídìí igi. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ sọ tirẹ̀ parí, ó kàn ní, "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé àgbàlagbà obìnrin ni," gbogbo wa sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Oṣù yẹn ò parí tí wọ́n fi ní kí ìyá kó àgbá rẹ̀ kúrò. Mo wà níbẹ̀, mi ò sì lanu sọ nǹkan kan. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, torí pé nínú gbogbo ẹni tó jókòó lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ti rí igi tí omi iyọ̀ pa rí.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Kí wọ́n tó yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, ibi tó bá wu ìjọba ni wọ́n ń gbé olùkọ́ lọ. Ìlàjẹ ni wọ́n gbé mi lọ, létí òkun. Ọmọ orí òkè ni mí, àpáta ni mo mọ̀. Mo débẹ̀, mo rí ilẹ̀ tí omi gbà káàkiri, mo sì rí ògùrọ̀ tó ń kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àìsàn ni mo pè é. Bàbá apẹja kan tí mo gba ilé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ní, "Tíṣà, ẹ yé wo èyí tó kú. Ẹ wo èyí tí ò kú." Mo wò ó: igi àgbọn dúró ṣinṣin, ògùrọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ ti rọ. Bàbá wà mí nínú ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí wọ́n ti la ọ̀nà omi jáde sí òkun, ó ní kí n fi ìka kan omi kí n tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Omi òkun ti gba ojú ọ̀nà yẹn wọ àbàtà tó jẹ́ omi dídùn tẹ́lẹ̀. Àgbọn lè fara da iyọ̀ díẹ̀, ògùrọ̀ ò lè fara dà á. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú omi, gbòǹgbò kì í rí i fà mọ́. Ẹnu ewé ló kọ́kọ́ ń jó, tí yóò máa jó wọnú bọ̀. Igi dúró sínú omi, òùngbẹ ń pa á.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló ta sí mi lọ́kàn lóru ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ta ni ò kú lójú títì wa? Igi tí wọ́n ní ìyá ń da iyọ̀ sí! Ká ní iyọ̀ ni, ṣé kì í ṣe tirẹ̀ ni ìbá kọ́kọ́ lọ? Ká ní èéfín ni, báwo ni èéfín ṣe fo igi tó wà lórí rẹ̀ gan-an, tó wá lọ ń pa máńgòrò tó wà ní ilé karùn-ún?

Ilẹ̀ mọ́, mo mú ọ̀bẹ àti ọkọ́ kékeré, mo jáde. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ha èèpo ẹ̀ka díẹ̀díẹ̀, nítorí bí abẹ́ èèpo bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀ka náà wà láàyè. Igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti orí dé agbede, gbígbẹ ni. Orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ikú wọn. Kò sí ewé tí ẹnu rẹ̀ jó bí ti Ìlàjẹ. Kí wọ́n tó gbẹ pátápátá, gbogbo wa la rí i pé ewé wọn ń kéré sí i lọ́dọọdún, tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. (Ẹ má ṣe fi èyí wé pupa tí ewé fúrúùtù máa ń pọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó ṣe ń wọ́wé nìyẹn, yóò tún rú.)

Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Béèyàn bá wo ìdí igi tó ti dàgbà, á rí i pé ó máa ń fẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin kó tó wọlẹ̀. Ti àwọn mẹ́fà yìí ò fẹ̀. Gbọnrangandan ni wọ́n wọlẹ̀, bí òpó iná. Mo ṣí ìńtálọ́ọ̀kì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò kan, mo ń gbẹ́lẹ̀. Yangí ni, ó le bí àpáta. Ọwọ́ mi wọlẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ kí n tó kan ilẹ̀ dúdú, orí ilẹ̀ dúdú yẹn ni mo sì ti rí ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan àti ìdérí ìgò mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ojú ilẹ̀ tí a ń rìn lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ dúdú, èèpo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìgbà téèyàn bó iṣu sísè, ó sì ń rùn bíi gọ́tà.

Lọ́dún 2021 ni wọ́n ṣe gọ́tà sí ọwọ́ òsì títì wa. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n gé gbòǹgbò gbogbo igi tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Wọ́n tún da yangí sílẹ̀ kí ibi ìrìnsẹ̀ lè ga, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wá to ìńtálọ́ọ̀kì lé e. Wọn ò ṣe ti ọwọ́ ọ̀tún. Kò pọ̀ èèyàn tó mọ̀ pé gbòǹgbò ń mí. Èyí tó ń bọ́ igi kì í jìn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ò ju ẹsẹ̀ kan àbọ̀ sí méjì lọ, wọ́n á sì tẹ́ kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé. Ẹ bo ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le, afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́, omi òjò ń ṣàn bọ́ sínú gọ́tà. Igi á wá máa jẹ oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sára. Èyí lè gbé e fún ọdún méjì, mẹ́ta. Lọ́dún 2023 la rí orí àkọ́kọ́ tó gbẹ. Ikán tí àwọn kan rí, tí wọ́n dáwó ra oògùn sí, ẹ̀yìn ikú ló dé.

Ibi tó ti ń dunni jù nìyí. Kí igi tó kú, agbaṣẹ́ṣe ti gbowó, ó ti lọ. Ẹni tó ṣì jókòó síbẹ̀ la rí mú.

Kí ló dé tí igi ìyá ò fi kú? Mo lọ bá a nílé. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yangí dé, òun ò dìde. Ó ní òun ti koná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ bú u títí, wọ́n wá yí i ká, wọ́n fi àyè sílẹ̀ tó bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin yíká igi, wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà gba ìta ibẹ̀. Ìdí igi yẹn ṣì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin. Lóòótọ́, iná ti jó èèpo rẹ̀ lápá kan, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo sì ti sọ fún ìyá pé bó bá padà, kó sún àgbá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òun ló dá igi yẹn sí, láìmọ̀.

Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá gé àwọn mẹ́fà tó ti gbẹ, nítorí gbòǹgbò wọn ti jẹrà, ìjì tó máa ń ṣáájú òjò lóṣù kẹta àti ìkẹrin kò ní bi wọ́n léèrè kó tó wó wọn lu ilé tàbí ọmọ iléèwé. Mo bẹ àwọn tó ń ṣe títì káàkiri Èkìtì: kẹ́ ẹ tó da yangí, ẹ fi igi tàbí okùn ká ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òjìji igi, kí ọkọ̀ má gun ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin òmíràn sójú ìńtálọ́ọ̀kì, ihò tó tó ìdérí ìkòkò ò lè gbé igi. Àwọn ará àdúgbò mi ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ ìyá, ká ní kó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò gba ìdúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ kan wá da yangí tuntun sídìí fúrúùtù ìyá, nítorí àyè ti ṣófo. Mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n lánàá: ó ti ga tó ẹsẹ̀ kan lára igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ké sí ẹni tó ni ín kó wá kó o, kí òjò tó rọ̀ lé e kó tó dì mọ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.