Ẹ Má Fi Eré Àwọn Ọmọ Ogunléndé Sí Ìparí Ètò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a máa ń fi sí ìparí nígbàkígbà tí ogun, ìmìtìtì ilẹ̀ tàbí omíyalé bá lé àwọn èèyàn kúrò nílé. Oúnjẹ, omi, oògùn àti àgọ́ ni a kọ́kọ́ ń kó lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Eré la máa ń sọ pé ó lè dúró. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí ìró ìbọn ti kó jìnnìjìnnì bá kì í sábà lè fẹnu ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é. Á dúró létí pápá, á káwọ́ gbera, bí nǹkan bá dún gbàgà, á ta gìrì. Olùdarí eré tó mọṣẹ́ kò ní fà á wọnú eré tipátipá. Á kàn ní kó bá òun di etí kan okùn tí àwọn yòókù ń fò mú. Bó bá yá, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ka iye ìgbà tí wọ́n fò, ohùn rẹ̀ á jáde, títí òun náà á fi bọ́ sáàárín. Okùn nìkan kọ́ ló ṣe é. Àgbàlagbà kan náà tó ń padà wá ní wákàtí kan náà, nígbà tí gbogbo nǹkan mìíràn ti dojú rú, ló fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí wọ́n bá kó bọ́ọ̀lù wá, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọn ò sì padà wá mọ́. Tàbí kí wọ́n dá ìdíje sílẹ̀, kí àwọn ọmọkùnrin tó lágbára gba pápá, kí àwọn ọmọbìnrin àti àwọn aláàbọ̀ ara di òǹwòran. Owó ife ẹ̀yẹ yẹn ì bá wúlò jù láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ inú àgọ́ bí a ṣe ń darí eré, àti bí a ṣe ń dá ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ohun tí eré lè wò mọ̀, kí wọ́n lè tètè mú un lọ bá oníṣègùn.

Inú mi dùn nígbà tí Cindy Ngamba gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Paris ní 2024, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Òlíńpíìkì àwọn ogunléndé. Ṣùgbọ́n abala 31 nínú Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ọdún 1989, kò béèrè àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ọmọ kankan kó tó fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí eré.

Mo ń bẹ àwọn tó ń ṣètò owó ìrànwọ́ pé kí wọ́n kọ owó oṣù olùdarí eré pọ̀ mọ́ owó omi àti oògùn láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n má sì dá a dúró nígbà tí àwọn oníròyìn bá ti kúrò níbẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín